Kànga Tó Ń Rùn Kẹrosíìnì

Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe Ògúnbánwò pé kó gbé irin rẹ̀ máa bọ̀ ní agbolé Pápá Walter, inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ẹ má bá a wí! Ta ni inú rẹ̀ ò ní í dùn? Ní gbogbo abúlé Ìdófà, títí dé Ìjẹ̀bú-Imùṣin lọ́hùn-ún, bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìbúra, tí wọ́n bá ní kí wọ́n wá irin tí èké ò lè fẹnu kàn, dígà Ògúnbánwò ni wọ́n ń wí. Irin tó ti wọ inú ilẹ̀ lọ nígbà mẹ́tàlélógójì, tó sì bá ẹni tó ni ín jáde láàyè nígbà mẹ́tàlélógójì! Òpùrọ́ wo ló máa fi eyín kan irú irin bẹ́ẹ̀, kó sì rí ọjọ́ keje?

Kànga gbígbẹ́ ni iṣẹ́ ọkùnrin náà. Ọdún 1987 là ń wí yìí, Ògúnbánwò sì ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ó kúrú, ó ki pọ́pọ́, èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, eékún rẹ̀ méjèèjì sì ti yi bí awọ ẹran nítorí ìkúnlẹ̀ inú ilẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ ní Odogbolu. Kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ẹ mú ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ kan fún un, á fi ahọ́n kàn án, á sì sọ iye ẹsẹ̀ bàtà tó kù kí omi tó yọ fún yín. Kì í ṣì í! Bó bá ti ń gbẹ́ lọ sísàlẹ̀ ni yóò máa gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ sí ara ògiri, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, bí àkàbà. Ilẹ̀ pupa Ìjẹ̀bú ò ní í wó lù ú, òun náà mọ̀, ilẹ̀ náà mọ̀.

Nínú gbogbo kànga tó ti gbẹ́, ti agbolé Pápá Walter ló fẹ́ràn jù. Omi rẹ̀ tutù débi pé àwọn ará Ayépé tó bá ń kọjá á yà láti fi rẹ gàrí. Kànga yìí náà ni ìgbìmọ̀ ilé ìwé kan ní Imùṣin wá wò, tí wọ́n yọ orí síbẹ̀, tí wọ́n wo ojú ara wọn, tí wọ́n ní, "Ẹni tó gbẹ́ èyí la fẹ́." Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fẹ́ wá bá a ṣe àdéhùn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni ìránṣẹ́ Pápá Walter dé.

Ìránṣẹ́ náà sọ gbogbo rẹ̀ lójú ọ̀nà. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni omi kànga ti ń rùn kẹrosíìnì. Pápá Walter fúnra rẹ̀ ló rẹ gàrí, ó bu ṣíbí kan sẹ́nu, ó sì tu ú sí ara ògiri. Ta ló ní kẹrosíìnì nílé náà bí kò ṣe Rachel, ìyàwó Frederick, àbúrò Pápá Walter tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó? Rachel ló ń ta kẹrosíìnì lójú ilé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá lòun àti Susannah, ìyàwó Pápá Walter tí wọ́n ń pè ní Ìyá Edith, sì ṣe gbólóhùn asọ̀ lẹ́nu kànga.

"Kí ni wọ́n jà sí?" ni Ògúnbánwò béèrè.

"Korobá. Rachel ní ẹni tó bá ń gbé korobá kalẹ̀ níbi tí adìyẹ ń yàgbẹ́ sí, kó tó sọ ọ́ sínú kànga, ìgbẹ́ adìyẹ ló ń fún gbogbo ilé mu. Ìyá Edith ní ṣé òun ló ń pè ní ọ̀bùn. Ni Rachel bá ní, 'Ẹ máa ṣe é lọ, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ ó wá omi yìí tì.'"

Ògúnbánwò mi orí. Ọ̀rọ̀ ti bọ́! Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ?

Nígbà tí wọ́n dé agbolé, èrò ti kún. Pápá Walter jókòó sórí àga onígi lábẹ́ ìbòòji, awò lójú. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Akọ̀wé rélùwéè ni nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, alàgbà ìjọ sì ni lónìí.

"Oníkànga, o káàbọ̀. Gbé irin kalẹ̀ síbẹ̀ yẹn."

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá." Ògúnbánwò gbé dígà lélẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin alàgbà ìjọ lẹ̀ ń pe irin? Bíbélì yín ńkọ́?"

"Bíbélì ń dárí jini. Èyí tí kì í dárí jini ni mo fẹ́ lónìí."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú ẹnikẹ́ni.

Rachel jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa kẹrosíìnì rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Mọ́ṣádé, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, sùn sí itan rẹ̀, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ìgbẹ́ gbuuru ò fi ọmọ náà lọ́rùn sílẹ̀ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, òun nìkan sì kọ́: ọmọ mẹ́rin mìíràn nínú ilé náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní òjò ló fà á. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń sọ pé òjò ló fà á.

"Ìyàwó," ni Pápá Walter wí, "oòrùn ń bọ̀ ní àtàrí. Kó tó dé ibẹ̀, wàá fẹnu kan irin yìí pé o ò da kẹrosíìnì sínú kànga. Bí o bá kọ̀, ẹrù ni kí o dì. Màá ránṣẹ́ sí Frederick l'Ékòó pé ìyàwó rẹ̀ ti padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ayépé."

"Bùọ̀dá mi, ẹ gbọ́ mi," ni Rachel dáhùn. "Mi ò ní í fi ẹnu kan irin. Ẹnu tí mo fi gba ara Olúwa lọ́jọ́ Àìkú nìyí. Mo fi Bíbélì búra lánàá, ẹ ní kò tó."

"Kò tó!" ni Susannah figbe ta láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í yan ohun tó máa fi búra! Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bi í, omi ibo ló ń mu láti ọjọ́ Àbámẹ́ta? Odò ló ń lọ! Ó ti mọ ohun tó fi síbẹ̀!"

"Ìyá Edith, ta ló máa mu omi tó ń rùn? Ẹ̀yin náà ń mu ún ni?"

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dá mi lóhùn! Oníkẹrosíìnì!"

Ẹnì kan láàárín èrò pariwo, "Ẹ fi iná sí omi náà, ká wò ó bóyá ó máa jó!" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Ògúnbánwò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pe Ògún. Ìtọ̀ ló dá a dúró, ẹ gbà mí gbọ́, ìtọ̀ lásán! Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, òun ń bọ̀, ó sì yà sẹ́yìn ilé, níbi tí ṣáláńgá wà.

Kó tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni òórùn ti kò ó. Kẹrosíìnì! Ó dúró. Ó tún fa imú. Kẹrosíìnì ni, ó dà pọ̀ mọ́ òórùn tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Edith, àgbà ọmọbìnrin Pápá Walter, ń sá aṣọ sórí okùn nítòsí.

"Ọmọ mi, ta ló da kẹrosíìnì síbí?"

"Bàbá wa ni, sà. Ìdin ti ń gun ẹsẹ̀ èèyàn bọ̀ lókè. Ìgò mẹ́rin ni wọ́n rà lọ́wọ́ Àǹtí Rachel, wọ́n dà á sí i pátá. Ẹ má bínú sí òórùn rẹ̀, sà, àmọ́ ìdin ti kú o!"

"Ọjọ́ wo?"

"Á ti tó ọjọ́ méjìlá. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni òjò ńlá yẹn rọ̀."

Ó sọ ọ́ tán, ó tún gbé aṣọ mìíràn, ó fún omi ara rẹ̀ dà nù. Kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú Ògúnbánwò, ńṣe ni ilẹ̀ yí. Ó yíjú. Láti ibi tó dúró sí, ó ń rí ẹnu kànga. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì. Ó ń kà á sínú. Mẹ́sàn-án! Ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án péré, ṣáláńgá ló sì wà lápá òkè, kànga lápá ìsàlẹ̀!

Òun ló gbẹ́ ẹ.

Lọ́dún 1984 ni, nígbà tí sójà gba ìjọba, tí wolé-wolé ń lọ láti ilé dé ilé pé ẹni tí kò bá ní ṣáláńgá á fojú ba kóòtù. Wolé-wolé tó wá sí Ìdófà dúró lójú agbolé yìí gan-an, ó fi ìka na ilẹ̀, ó ní, "Ọgbọ̀n ẹsẹ̀ sí kànga, kó má dín. Apá ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi sí." Ògúnbánwò gbọ́. Ó sọ fún Pápá Walter. Pápá Walter ní ilẹ̀ apá ìsàlẹ̀ yẹn, òun àti ìdílé Ṣíjúadé ṣì ń fà á, kí òun má lọ gbẹ́ ihò fún wọn lórí ilẹ̀ àríyànjiyàn. "Gbẹ́ ẹ síbí. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀."

Ìyẹn nìkan ì bá sì sàn. Ohun tó ń dùn ún jù ni èyí tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé kó ṣe. Ṣáláńgá tí àwọn ẹlòmíràn ń gbẹ́ kì í jìn ju ìdúró èèyàn méjì lọ. Ògúnbánwò ní tòun ò ní í rí bẹ́ẹ̀. Ó gbẹ́ ṣáláńgá náà bí ẹni ń gbẹ́ kànga! Ó gbẹ́ ẹ, ó gbẹ́ ẹ, títí iyẹ̀pẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gòkè wá, ó ń yangàn pé ilé yìí ò ní í kún láéláé. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Ọdún yẹn náà ni ìgbẹ́ gbuuru kọ́kọ́ wọ agbolé náà lákòókò òjò.

Ó padà síwájú ilé.

"Ó yá, pè é," ni Pápá Walter wí.

Ògúnbánwò tẹ̀ ba, ó di dígà mú. Ó wo ojú Rachel. Obìnrin náà ń wò ó tààrà, bí ẹni tó ń wo mọ́tò tó ń bọ̀ wá gbá a, tí kò sì ní ibi tó máa yà sí. Kó ṣáà la ẹnu sọ òótọ́ ni. Gbólóhùn kan ni. Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà á gba Imùṣin kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú: oníkànga tó fi ìgbẹ́ bọ́ ọmọ onílé fún ọdún mẹ́ta. Ta ló máa tún pè é? Ọjọ́ Jímọ̀ ńkọ́?

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọ kànga," ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ lọ wá níbẹ̀?"

"Irin ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ kí n tó fojú ara mi rí ohun tí mò ń fi í wádìí."

Wọ́n kùn, ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Ìṣe rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ fi okùn sọ àtùpà títàn kalẹ̀. Bí iná bá kú, èèyàn kì í wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ iná sínú kànga tó ń rùn kẹrosíìnì? Ó gé ẹ̀ka igi eléwé kan, ó so ó mọ́ okùn, ó ń jù ú sísàlẹ̀, ó ń fà á sókè, sísàlẹ̀, sókè, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè yí. Ó ṣe é pẹ́. Lẹ́yìn náà ló so okùn mọ́ ìdí, tó fi orí okùn lé ọkùnrin méjì lọ́wọ́.

"Bí mo bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbé mi. Bí mi ò bá fà á, tí ẹ pè mí tí mi ò dáhùn, ẹ gbé mi kíákíá, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́ wá bá mi o!"

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ihò ẹsẹ̀ àtijọ́ ṣì gba àtàǹpàkò rẹ̀ bó ṣe gbà á lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ìmọ́lẹ̀ ń kéré lókè. Òórùn ń le. Orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò díẹ̀, ó dúró, ó rọra mí. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà sísàlẹ̀, ó na ọwọ́ sí ògiri apá tí ṣáláńgá wà. Ó tutù. Ó tún na ọwọ́ díẹ̀ sísàlẹ̀. Ìka rẹ̀ wọlé!

Ihò kékeré kan ni, kò ju ẹnu ìgò lọ. Omi dúdú ń sun níbẹ̀, ó ń rìn wá sílẹ̀ lára ògiri bí ìlà tàdáwà, ó ń wọnú omi tí ilé mọ́kànlá ń mu. Ó gbé ìka rẹ̀ sí imú. Kò tún sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa sọ.

Ẹ wá wo ibi tí ayé ká ọkùnrin mọ́! Nítòsí ihò náà gan-an ni amọ̀ funfun wà nínú ògiri, amọ̀ tó dára, irú èyí tí àwọn amọ̀kòkò ń wá kiri. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ ju orí rẹ̀ lọ. Kó tó mọ̀, ó ti ha á, ó ti ń pò ó. Bó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò yìí, tó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, kẹrosíìnì ò ní í wọlé mọ́. Wọn á fa omi àtijọ́ dà nù, lọ́jọ́ méjì, mẹ́ta, òórùn á tán. Á gòkè lọ, á ní òun ò rí nǹkan kan. Rachel á búra, tàbí kó lọ sí Ayépé. Obìnrin náà ṣáà mọ̀ pé òun ò jẹ̀bi. Ọjọ́ Jímọ̀ á dé.

Ó gbé amọ̀ náà dé ẹnu ihò.

Ẹni tó bá wà nínú kànga ń gbọ́ ohùn òkè ketekete. Ó gbọ́ tí Susannah ń sọ pé kí wọ́n máa kó ẹrù Rachel síta. Ó gbọ́ ohùn ọmọ kan, tínínrín, "Màmá, omi." Ó sì gbọ́ tí ẹnì kan dáhùn pé, "Ẹ bu ti inú ìkòkò ńlá fún un, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, ìyẹn ò rùn."

Ìyẹn ò rùn! Ibẹ̀ ni ojú Ògúnbánwò ti là. Omi ọ̀sẹ̀ tó kọjá, láti inú kànga yìí kan náà ni, ihò yìí ló gbà wá. Kẹrosíìnì kọ́ ló ba omi jẹ́. Kẹrosíìnì ló tú àṣírí rẹ̀! Bí òun bá dí ihò yìí, ohun tó ń bọ̀ láti ọdún mẹ́ta á wá ihò mìíràn gbà, kò sì ní í rùn, wọn á máa fi rẹ gàrí, wọn á máa yìn ín.

"Ẹ má fún un!" ló kígbe. Ohùn rẹ̀ dún bí ààrá nínú ihò náà. "Ẹ má fún ọmọ náà lómi yẹn!"

Ó ju amọ̀ sílẹ̀. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ha iyẹ̀pẹ̀ dúdú tó wà lẹ́nu ihò sínú rẹ̀, ó sì fa okùn lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí wọ́n fà á yọ, ó ń mí hẹlẹ, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó lọ tààrà síwájú Pápá Walter, ó na fìlà sí i.

"Bàbá, ẹ gbóòórùn rẹ̀."

Pápá Walter gbóòórùn rẹ̀. Ó fa orí sẹ́yìn. "Kẹrosíìnì. Mo ti wí!"

"Ẹ tún gbóòórùn rẹ̀. Kí ló tún wà níbẹ̀?"

Baba náà tún tẹ orí ba. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pẹ́ kó tó gbé e. Ó bọ́ awò rẹ̀. "Ṣáláńgá," ló wí jẹ́jẹ́.

"Ìgò mẹ́rin tí ẹ dà síbẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án ló wà láàárín méjèèjì. Èmi ni mo gbẹ́ méjèèjì. Wolé-wolé ní ọgbọ̀n, mo sì gbọ́ ọ. Mo gbẹ́ ṣáláńgá náà jìn ju bó ti yẹ lọ, kí ẹ lè máa yìn mí. Obìnrin yìí ò ṣe nǹkan kan. Ohun tó ń ṣe àwọn ọmọ ilé yìí nígbà òjò, inú ihò yẹn ló ti ń bọ̀."

Olúkúlùkù nínú agbolé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ife omi tó ti mu láti ọdún mẹ́ta. Susannah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìborùn bo ẹnu. Nígbà tó yá ni ọkùnrin tó ní kí wọ́n fi iná sí omi lẹ́ẹ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Ó bú Ògúnbánwò, ó bú bàbá Ògúnbánwò, ó bú irin rẹ̀. Àwọn mìíràn gbà á. "Apànìyàn! Ó gbowó ihò méjèèjì!" Ẹnì kan ta dígà náà nípàá, ó fò lọ ṣubú síbi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí.

"Ó tó!" ni Pápá Walter wí níkẹyìn. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Èmi ni mo ní kó gbẹ́ ẹ síbẹ̀." Ó dìde, ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ wọ inú ilé, kò sì bẹ Rachel. Ṣùgbọ́n kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí Edith fi jáde, tó ń kó ẹrù Rachel padà sínú yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀sán yẹn gan-an ni Ògúnbánwò bẹ̀rẹ̀ sí í kó ilẹ̀ pupa dà sínú kànga tó fẹ́ràn jù láyé. Kò sẹ́ni tó bá a gbé ṣọ́bìrì. Kò dúró de ọjọ́ Jímọ̀ pẹ̀lú. Ó ti ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ilé ìwé fúnra rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu òun kí wọ́n tó gbọ́ ọ lójú ọ̀nà. Wọn ò tíì fèsì.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, Rachel wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì iyẹ̀pẹ̀ náà. Ó ti se omi odò títí ó fi hó, ó ti fi iyọ̀ àti ṣúgà pò ó fún Mọ́ṣádé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ọsibítù. Ọmọ náà ti mu ún, ó sì ti sùn.

"Bàbá, ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó wọ kànga."

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ wá wọ̀ ọ́ ṣe?"

Ògúnbánwò tún bu ṣọ́bìrì kan dà sínú kànga. Rachel wo ọwọ́ rẹ̀. Amọ̀ funfun ti gbẹ mọ́ ọn láti orí ìka dé ìgunpá, ìlà àtẹ́lẹwọ́ tó ti fi pò ó ṣì hàn. Obìnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó wò ó pẹ́, Ògúnbánwò náà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ohun tí òun fẹ́ fi amọ̀ yẹn ṣe ti yé e.

Kò dúpẹ́. Kò sì pariwo. Ó lọ síbi àgbá tó fi ń gbe omi òjò, ó bu igbá kan, ó gbé ọṣẹ dúdú lé e lórí, ó gbé e wá fún un.

"Mo ti gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún yín," ló wí. "Ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ yẹn."

Ògúnbánwò fọ ọ́. Omi náà di funfun bí ẹ̀kọ. Ó fẹ́ nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

"Kò tíì mọ́," ni Rachel wí. Ó da omi náà nù, ó sì tún bu òmíràn.